Ọwọ́ Ta Ló Kọ Ìwé Yìí?

Ní Sátidé tí a kọ́kọ́ pe àwọn òbí jọ sí nọ́sìrì wa, ìyá kan wọ léèsì aláwọ̀ ewé wá. Ó jọ pé òde kan wà tó fẹ́ yà lẹ́yìn tiwa. Mo ní kí gbogbo wọn jókòó sórí ẹní. Ó wo ẹní, ó wo léèsì rẹ̀, ó wá wò mí. "Àǹtí, ẹ ò ní àga ni?"

Àga wà, àmọ́ àga ọmọ ọdún mẹ́ta ni, kò ga tó orúnkún àgbàlagbà. Bí wọ́n ṣe nàró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn, àwọn 19, tí èmi dúró níwájú wọn bí oníwàásù, tí mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 40 gbáko.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nọ́sìrì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Àpáta, n'Ìbàdàn, mo sì fẹ́ kó yé wọn pé eré ni àwọn ọmọ yóò máa fi kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Kò ní sí ìwé onílà méjì fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò ní sí iṣẹ́ àṣetiléwá, kò ní sí ìdánwò. Kí wọ́n má baà rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀ látinú orí mi, mo mú wọn gba Jámánì. Mo sọ ìtàn Friedrich Fröbel, ẹni tó dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg ní 1837, tó ń fi bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ oríṣi 6 àti igi gígé kọ́ àwọn ọmọdé. Mo bọ́ sí Ítálì, mo sọ ti Maria Montessori, dókítà obìnrin tó ṣí ilé àwọn ọmọ ní àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àwòrán rẹ̀ hàn lára ògiri ni iná lọ.

Nínú òkùnkùn díẹ̀ yẹn, bàbá kan nawọ́ sókè. "Àǹtí, ẹ ṣeun. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ẹ̀kọ́ náà dà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé, "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Eré wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń sanwó eré?"

Mo ní èsì tó dáa gan-an fún un. Wákàtí méjì lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ ni mo tó rí i: ìrókò tí kò tíì yọ ẹ̀ka, kí la fẹ́ gé lára rẹ̀? Ká tiẹ̀ ní ó bọ́ sí mi lẹ́nu lásìkò, mi ò rò pé ì bá yí nǹkankan padà. Àwọn òbí mẹ́rin ni kò mú ọmọ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bàbá yẹn wà lára wọn.

Inú bí mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè gbọ́ ni mò ń sọ fún pé àwọn òbí wa ò lajú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi fún nǹkan bí oṣù kan, títí di ọjọ́ tí mò ń palẹ̀ àpótí mọ́ nílé, tí mo rí ìwé kan láti ibi iṣẹ́ mi àtijọ́.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Ọmọ 28 ló wà ní kíláàsì mi, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, gbogbo wọn lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọmọ tó ni ìwé tí mo rí yìí bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn láàárín sáà, kò sẹ́ni tó wá gbà á. Ojú ewé kan kún fún "a", èyí tó tẹ̀ lé e kún fún "b", wọ́n tò gẹ́rẹ́gẹ́ lórí ìlà, kò sí èyí tó tẹ̀ tàbí tó fò. Àmì rere pupa wà lábẹ́ wọn, ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé tó wuyì ni. Èmi ni mo kọ ọ́.

Tíṣà nọ́sìrì tó bá ń ka èyí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Wàá jókòó sẹ́yìn ọmọ, wàá fi ọwọ́ rẹ bo ọwọ́ rẹ̀ tòun ti pẹ́ńsù, wàá sì máa tì í lọ. Ọwọ́ ọmọ á rọ pẹ̀sẹ̀ nínú tìrẹ, ojú rẹ̀ á wà lójú fèrèsé. Bí ojú ewé méjì bá ti kún, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn, torí pé ọ̀gá máa yẹ ìwé wò lọ́jọ́ Fráìdè, òbí sì máa ṣí i wò nílé. Ọmọ 28, ìwé 28, ọwọ́ kan. Òbí á rí i, inú wọn á dùn, wọ́n á gbé e fún ìyá àgbà pé kó wá wo iṣẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sí òbí kan tó bi mí pé kí ló dé tí "a" ọmọ òun fi jọ "a" ọmọ aládùúgbò bí ìbejì.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, ìbéèrè bàbá ọjọ́sí sì padà wá sí mi létí. Ẹ̀kọ́ náà dà? Ẹni tó sanwó ọjà ló ń béèrè ọjà. Bí èèyàn bá sanwó àgbàdo ní Bódìjà, kò ní gbà kí wọ́n sọ fún òun pé àgbàdo ti wà nínú àpò, ojú lásán ni kò lè rí i. Ìṣòro eré nìyẹn: kì í ní rìsíìtì. Ọmọ lè ti ṣe iṣẹ́ ọpọlọ tó le láti àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán, ohun tí ìyá rẹ̀ máa rí ni aṣọ tó dọ̀tí àti iyanrìn nínú ìbọ̀sẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, rìsíìtì wà, ayédèrú ni. Ní ibi tuntun yìí, ọjà wà, mi ò já rìsíìtì fún ẹnikẹ́ni. Mo wá ń bínú sí wọn pé wọ́n béèrè.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ sì ni ẹ̀rù yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ló ń fún ọmọ ọdún márùn-ún ní ìdánwò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Kọ 1 dé 100. Ka ìwé yìí sókè. Òbí tó ń gbọ́ tí ọmọ aládùúgbò ń ka A dé Z láti ọmọ ọdún méjì, tí tiẹ̀ sì ń fi ìdérí ìgò kọ́lé, àyà rẹ̀ ò lè ṣe kó má já. Bí mo bá sọ̀rọ̀ Jámánì fún un títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní tù ú nínú.

Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ Jámánì yẹn ṣá o. Ní 1840, nígbà tí Fröbel wá orúkọ fún ilé rẹ̀, ó pè é ní ọgbà àwọn ọmọ. Nígbà tí tiwa dé, a pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ilé la ní kó sinmi. A ò tíì sọ nǹkankan nípa ọmọ. Mi ò fi bú ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá ti lo ọjọ́ kan nílé pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ pé ìsinmi tọ́ sí ilé. Àmọ́ nígbà tó yá, ilé sinmi tán, a wá gbé iṣẹ́ ilé lé ọmọ lọ́wọ́. (Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé wọ́n gba Fröbel tọwọ́tẹsẹ̀ nílé rẹ̀. Ìjọba Prussia, tó jẹ́ apá kan Jámánì nígbà náà, fòfin de àwọn ọgbà ọmọ wọ̀nyẹn ní 1851, wọn ò sì tú òfin náà títí di 1860. Fröbel fúnra rẹ̀ ti kú ní 1852. Ìbéèrè ni bàbá ọjọ́ kìíní yẹn béèrè, kò pe ọlọ́pàá.)

Nígbà tí sáà kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a tún pe àwọn òbí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n mú ọmọ dání, kí wọ́n sì mú ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ nílé wá. Mi ò gbé ẹ̀rọ kankan síwájú. A kó bàsíà omi síta pẹ̀lú ìgò òróró àti ife. A da iyanrìn sórí ọ̀rá ńlá, a fi kóńgò àti agolo mílíìkì tì í. Amọ̀ wà lórí pákó. Ọmọ ayò wà nínú igbá. Ègé igi tí a gbà lọ́wọ́ káfíńtà wà nílẹ̀. Ohun tí mo sọ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. "Ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jókòó ti ọmọ yín. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkankan, ẹ kàn máa wò ó."

Ó ṣòro fún wọn ju bí mo ṣe rò lọ. Ìṣẹ́jú méjì ò tíì pé tí bàbá kan ti gbé ègé igi sójú ọmọ rẹ̀, tó ń bi í lédè Òyìnbó pé àwọ̀ wo nìyí. Igi ni. Àwọ̀ igi ló ní.

Ibi iyanrìn ni mo dúró sí. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ọmọ yìí bu iyanrìn sínú kóńgò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kó o mọ́ra yíká ẹnu rẹ̀, ó tún bu lé e, títí orí rẹ̀ fi ṣe ṣóńṣó. Ọmọkùnrin kan wá bẹ̀ ẹ́ wò, ìdérí ìgò kún ọwọ́ rẹ̀.

"Èló ni?"

"Náírà mẹ́ta."

"Ẹ gba méjì."

Ọmọbìnrin náà ò wo ojú rẹ̀. "Kò gbà. Ẹ fi kan sí i."

Ọmọkùnrin náà rò ó wò, ó fi kan sí i. Ọmọbìnrin náà tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n, ó kó wọn sábẹ́ itan. Lẹ́yìn náà ló wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e: èènì. Ọmọkùnrin ní, "Ọ̀rá ńkọ́?" Ó wò yíká, kò rí ọ̀rá. Ó mú ègé igi kan nílẹ̀, ó nà án sí i. "Ọ̀rá nìyí." Ọmọkùnrin náà gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ẹnu igi náà kí wọ́n lè da gàrí sí i.

Ìyá ọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bí mo ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò kọ́ ọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, mo ní, "Ìyá wa, ẹ wò ó. Ó mọ̀ pé mẹ́ta ju méjì lọ, ó sì mọ iye tó kù. Kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, síbẹ̀ kò bá oníbàárà jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Igi yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò." Nítorí ohun tí àwọn méjèèjì ṣe pẹ̀lú igi yẹn ni ìpìlẹ̀ ìwé kíkà. Igi kò jọ ọ̀rá. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kó dúró fún ọ̀rá, ó sì dúró fún un. Lẹ́tà "b" náà kò jọ ohùn tó ń dúró fún. Ọmọ tí kò bá tíì lè jẹ́ kí nǹkan kan dúró fún nǹkan mìíràn lọ́kàn rẹ̀ lè ha "b" sórí bí àyọ̀fẹ́, kò ní mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ bàsíà, bàbá aláwọ̀ igi ti wọ ìjọ̀gbọ̀n mìíràn. Ife méjì tó dọ́gba ni mo rọ omi sí níwájú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì gbà pé wọ́n dọ́gba. Mo da ọ̀kan sínú ìgò tó tẹ́ẹ́rẹ́, omi gùn sókè. Èwo ló pọ̀ jù? Ọmọ nawọ́ sí ìgò. Bàbá ní, "Rárá, omi kan náà ni, wò ó." Ó dà á padà sínú ife, ó tún rọ ọ́ sínú ìgò, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgò ṣì ni. "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́. Ojú rẹ̀ ló gbà gbọ́." Jean Piaget, ará Switzerland tó lo ayé rẹ̀ lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú, ló sọ ìdánwò omi yìí di olókìkí. Títí wọ́n á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa dáhùn bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè kọ́ ọmọ láti sọ pé "wọ́n dọ́gba". Kó dá a lójú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa fi da omi títí. Bàbá yẹn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi wo ẹ̀yìn, ó ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń da omi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, mo ti mọ̀ pé wọ́n á béèrè ẹ̀. Ìyá kan ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá di pẹ́ńsù mú?" Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó fi ìka wá egungun ibẹ̀. Mẹ́jọ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tíì le. Wọ́n rọ̀ bí etí ṣe rọ̀. Wọ́n á wá máa le lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó gbẹ̀yìn sábà máa ń tó ọmọ ọdún mẹ́jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí a ní kó kọ "a" kún ojú ewé, ọwọ́ tí kò tíì jinná la gbé iṣẹ́ fún. Ọmọ tó ń po amọ̀, tó ń fún aṣọ tó tutù, tó ń tú bọ́tìnnì tó tún ń dè é, ọwọ́ ìkọ̀wé ló ń ṣe lọ́jọ́ọjọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rántí àwọn ọwọ́ 28 yẹn. Mi ò sọ ìyẹn fún wọn lọ́jọ́ náà. Ibí ni mo ti ń sọ ọ́.

Ìyá àgbà kan wà tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá. Láti ìgbà tó ti dé ló ti jókòó ti igbá ọmọ ayò, tó ń kó wọn sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń ní kí ó fojú wọ̀n ọ́n kó tó kà á. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó pè mí.

"Ọmọ mi, èyí tí ẹ ń gbowó lé lórí yìí, abẹ́ igi la ti ń ṣe é. A ta òkòtó, a ṣe bojúbojú, a ṣe ẹkùn-mẹ́ran, ọmọ ò ní lè sùn bí wọn ò bá tíì pàlọ́ fún un. Wọ́n ní ẹ ní Òyìnbó ló kọ́ yín?"

Ojú tì mí díẹ̀. Òun ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Bad Blankenburg. Ká tiẹ̀ fi abẹ́ igi sílẹ̀, ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977 kà á mọ́ iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi pé kí ọmọ máa fi ohun ìṣeré, orin, ọnà àti àyíká rẹ̀ wádìí ayé, kí wọ́n sì máa fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan èdè Òyìnbó gan-an. Bẹ́ẹ̀, ohun tó yí ọkàn òbí méjì padà lọ́jọ́ yẹn ni ohun tí ìyá kan sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ní Lọ́ńdọ̀n ní ọmọ, ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, ó wà ní kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Reception, eré iyanrìn àti omi ló ń ṣe níbẹ̀ náà. "Áà, ní Lọ́ńdọ̀n?" Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo gba ìrànlọ́wọ́ náà, àmọ́ ó dùn mí. Ìyá àgbà ṣì jókòó síbẹ̀ tòun ti igbá ayò.

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì ṣì kù. Ìtàn tó ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ tún jẹ́ ti Ítálì. Ní 1945, tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn òbí ní abúlé kan lẹ́bàá Reggio Emilia ta ọkọ̀ ogun kan, pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù àti ẹṣin díẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀, wọ́n sì fi owó náà kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Tíṣà ọ̀dọ́ kan, Loris Malaguzzi, gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó, ó sì dúró ti iṣẹ́ náà títí ayé rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ló sọ ọ́ di àṣà láti máa kọ ohun tí ọmọ bá sọ àti ohun tó bá ṣe sílẹ̀, kí òbí lè rí i.

Bí àwa náà ṣe ra ìwé nìyẹn, ìwé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọmọ sọ la ń kọ sí i, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, lédè tó fi sọ ọ́. "Ó béèrè lónìí bóyá òjìji máa ń sùn." "Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ mọ́, lẹ́yìn náà ó pín ọsàn sí mẹ́ta." "Ó fi ègé igi 11 kọ́ afárá, ó wó, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tín-ín-rín." Ọjọ́ Fráìdè làwọn òbí ń mú un lọ sílé. Ọwọ́ mi ló ṣì ń kọ ọ́, àmọ́ kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Bàbá kan sọ fún mi pé òun ka ti òjìji yẹn lóru, oorun ò kùn òun mọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ ti tòrò. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ní ìdánwò níwájú, nítorí náà ní sáà tó gbẹ̀yìn, a máa ń fi orúkọ wọn, ohùn lẹ́tà àti ìkọ̀wé ṣeré pẹ̀lú àwọn tó ti pé ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kí eré dá wà gedegbe lè ní mo ti ta ọ̀rọ̀ náà. Kó wá bá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde. Ní Fínláńdì, ọdún tí ọmọ bá máa pé méje ló ń wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àpáta lèmi wà.

Bàbá tó béèrè ìbéèrè ọjọ́ kìíní kò padà. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nítòsí, wọ́n ní ó ń kàwé dáadáa, mo sì gbà á gbọ́. Mo ṣì ń wá ọjọ́ tí màá fi ìwé àtijọ́ yẹn hàn án.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn òbí tuntun ń bọ̀. Amọ̀ ti wà nínú omi láti àná. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí orí fóònù wọn pé aago mẹ́wàá ni, kí wọ́n mú ọmọ dání, ẹní la máa jókòó lé. Ìyá oníléèsì ọjọ́sí, tí ọmọ rẹ̀ kejì ti wà lọ́dọ̀ wa báyìí, ló kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n fi ìlà kan kún un: ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ilé ni kí ẹ wọ̀.